Ta Ni Yóò Tọ́jú Fọ́tò Ẹgbẹ́ Wa?

Ẹ̀yin èèyàn wa, fọ́tò ẹgbẹ́ tí a fẹ́ kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, àwọn kan ní ibi ọ̀fẹ́ ló dáa jù. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ní 2017, Photobucket ṣàdédé ní kí àwọn tó ń lo àwòrán ọ̀dọ̀ wọn lórí ìkànnì mìíràn máa san nǹkan bí 400 dọ́là lọ́dún. Àwòrán ẹni tí kò san dàwátì. Ní 2019, Myspace ní fọ́tò, fídíò àti orin ọ̀pọ̀ ọdún ti sọnù níbi tí wọ́n ti ń kó wọn lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ, fọ́tò bàbá tó ti lọ, ta ló fẹ́ fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́?

Ẹ jẹ́ ká dáwó gba àyè tiwa. Àmọ́ ká tó sanwó, ká bi wọ́n: ṣé ẹ ń ṣe ẹ̀dà pamọ́? Ṣé a lè kó gbogbo ẹrù wa jáde lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ kúrò? Orúkọ ẹgbẹ́ la ó fi gba àdírẹ́sì náà o, kì í ṣe ti ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà. Bó bá bínú kúrò ńkọ́? (Ẹ kúkú mọ ìjà ẹgbẹ́ wa.) Kí akọ̀wé ní ẹ̀dà nílé, kí akápò náà ní tiẹ̀.