Kọ̀ǹpútà 16 Go láti kọ lẹ́tà ojú ìwé kan

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la níṣẹ́ ní Lomé níbí, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni kọ̀ǹpútà ń bá wa ṣe: a fi ń tẹ fiche ẹ̀kọ́, a fi ń ṣírò máàkì, a sì fi ń ka lẹ́tà tí ìjọba bá fi ránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ra tuntun. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń rà ní Déckon, ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì kan ní Yúróòpù ti lò fún ọdún mélòó kan kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Wọ́n á nu eruku rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ bátìrì, ó tán.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Lọ́jọ́ náà ni Microsoft dá mise à jour ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Ẹni tó bá fẹ́ Windows 11, ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ọpọlọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Èyí tí Intel ṣe ṣáájú ìran kẹjọ, tó jáde ní 2017, kò sí níbẹ̀, àfi díẹ̀. Màmá kan ní Anagokomé bi wá pé, "Ẹ̀rọ tí ò fọ́, tí ò jóná, kí ló dé tí ẹ ní ó ti kú?" A ò rí èsì fún màmá.

Ẹ bá wa wò ó ná. Windows 95 ní kí ẹ̀rọ ní mémoire 4 Mo. Windows 11 ní ó kéré tán 4 Go, ìyẹn ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan. Ní 2024, Microsoft tún gbé ẹ̀rọ Copilot+ jáde: 16 Go ni mémoire rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó, kí ààyè ìpamọ́ sì jẹ́ 256 Go. Lẹ́tà wa ńkọ́? Ojú ìwé kan náà ni. "Monsieur le Directeur" kò gùn jù bó ṣe wà ní 1995 lọ. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tó gbé èèyàn lọ sórí òṣùpá ní 1969, mémoire rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4 Ko lọ! Àfi bí ẹni lọ sí èbúté Lomé, tó gba odidi kọ́ńténà, tó fi gbé páálí ìṣáná kan.

Niklaus Wirth, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Switzerland, ti kígbe rẹ̀ ní 1995 pé logiciel ń lọ́ra sí i ju bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí i lọ. Ẹ wo Slack tàbí Discord: ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé odidi navigateur pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ó rọrùn fún ẹni tó ṣe é, torí iṣẹ́ kan náà ló máa lò fún Windows, Mac àti Linux. Owó tí òun fi pamọ́, àpò ẹlòmíràn ló ti jáde, àpò akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun zémi wá sí kíláàsì.

A ò sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ààbò o. TPM ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọdún kan kún ọjọ́ orí Windows 10, wọ́n fi ṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn ará Yúróòpù. Níbòmíràn, 30 dọ́là ni, bíi 17 000 FCFA, àfi tí èèyàn bá gbà láti kó ètò ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àkáǹtì wọn. Ẹ̀rọ kan náà, láti ọ́fíìsì kan náà. Ó kàn wọkọ̀ ojú omi ni.

Lomé yìí kan náà ni Afate Gnikou ti kó àjákù ẹ̀rọ jọ ní WoeLab, tó sì fi ṣe ìtẹ̀wé 3D ní 2013. Ìyẹn ló jẹ́ ká gbìyànjú. A fi Linux Mint, tí mémoire 2 Go tó fún, sí ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n ní ó ti kú. Wọ́n tàn, wọ́n ń tẹ fiche, wọ́n ń ṣírò máàkì. Fọ́ọ̀mù Word tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa nìkan ni tábìlì inú rẹ̀ ń sá kúrò láyè rẹ̀. A ṣì ń bá a fà á lọ́wọ́.