Bàálù tí a kò tíì kan tán kì í ṣe ẹrù yanrìn

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kan bàálù sílé fi yẹ ní sísọ. Ó lè dàbí àlọ́ létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin gbà kí ènìyàn kan bàálù kékeré fún ìgbádùn ara rẹ̀ tàbí kó fi kọ́ iṣẹ́, bí ó bá ti jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1953 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, EAA, èyí tí àpéjọ ńlá rẹ̀ máa ń wáyé nílùú Oshkosh, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Nàìjíríà náà kò ṣàjèjì sí i. Bàálù Air Beetle tí wọ́n tò ní Kaduna fún àwọn ológun òfuurufú láti ìparí àwọn ọdún 1980, ara RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rà ní wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń tò sínú ilé ìgbọ́kọ̀sí wọn.

Iṣẹ́ ọdún márùn-ún ni fún ẹlòmíràn, ọdún mẹ́wàá ni fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó di dandan kó kúrò nílé lọ́jọ́ kan. Ilé kéré, pápá jìnnà. Ikú lè mú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ, owó sì lè tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n ta á ní ààbọ̀ fún ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Nóà kan ọkọ̀ tirẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, omi ló wá gbé e níbẹ̀. Kò sí omi tí yóò wá gbé bàálù lẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó ti ń fi sùúrù ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tó fẹ́ gbé e ni ìkánjú máa ń wọ̀ ọ́. Yóò yá tírélà, yóò bẹ ọ̀rẹ́ méjì, yóò wá okùn, ó parí. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìrìn àjò náà, ara iṣẹ́ kíkan bàálù ni, ó sì yẹ kó gba ìmúrasílẹ̀ bí i ti iṣẹ́ yòókù.

Ẹni tó bá ti rí bí ìjì ṣe ń ṣí páànù orí ilé yóò tètè lóye èyí. Apá bàálù kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí atẹ́gùn gbé e sókè lọ. RV-6 lè wà lófuurufú lórí eré tí kò tó 100 kìlómítà ní wákàtí kan, eré tí ọkọ̀ ń sá ní títì márosẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá wá tẹ́ apá náà gbalaja sórí tírélà ń fa ìjàngbọ̀n lẹ́sẹ̀. Ṣe ni kó tú u kúrò lára bàálù, kó gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí etí iwájú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lórí fóòmù tó nípọn, nínú igi tí wọ́n gé bá ara rẹ̀ mu. Kí okùn má ṣe gba orí páànù tó fẹ́lẹ́ kọjá, ibi tí egungun wà nínú ni kó ti mú un. Èyí tó le jù ń ba nǹkan jẹ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tó dẹ̀ ṣe ń bà á jẹ́.

Ara bàálù tí kò tíì parí tún gba ọgbọ́n ju apá lọ. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níwájú, bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì sí nínú rẹ̀, ìdí ni yóò fi jókòó, àfi kí wọ́n fi nǹkan tì í lábẹ́ ìrù. Bí òkè rẹ̀ bá ṣì ṣí sílẹ̀, ó lè lọ́ bí páálí tí kò ní ìdérí, igi ni wọn yóò fi há a láàárín kó lè dúró gbagidi. Àwọn ìṣó ìgbà díẹ̀ tó di páànù mú a máa bọ́ bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ihò wọn a sì máa fẹ̀. Èyí tó bá ṣeé kàn pa, kí wọ́n kàn án kí wọ́n tó gbéra. Èyí tí kò bá ṣeé kàn, kí wọ́n tú u sínú àpótí. Tapólì tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú látòkè délẹ̀ kì í dáàbò bò ó, ṣe ló ń họ ọ́ lára.

Ó yẹ kí ọkọ̀ kejì máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, kí wọ́n sì dúró lẹ́yìn máìlì bí i mélòó kan láti yẹ gbogbo okùn wò. Ní títì márosẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹrù tó bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 6 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, kò tíì tó àkókò àtisọ pé “a dúpẹ́, a ti dé.” Kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí okùn ti mú un, ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ihò tí apá ń wọ̀. Ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ bàálù náà. Ẹgbẹ́ EAA ní àwọn onímọ̀ tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti wá bá ọmọ ẹgbẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú pípè wọ́n. Aṣojú ìjọba yóò wo bàálù náà kó tó fò, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè fojú rí ohun tí wọ́n ti fi páànù bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀dà bo ibi tó ti kọ, òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ gòkè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1907, Orville Wright di bàálù tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn sínú àpótí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí èbúté Le Havre ní Faransé. Nígbà tí Wilbur, ẹ̀gbọ́n, ṣí àpótí náà ní Le Mans ní oṣù kẹfà 1908, igi inú apá ti ṣẹ́, aṣọ rẹ̀ ti ya. Inú bí i, ó kọ lẹ́tà ìbáwí sí àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló tó hàn pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tó tú ẹrù náà wò ni wọ́n dì í padà wúruwùru. Wilbur kò dán an wò bó ṣe wà. Ó tún un ṣe lẹ́yọ lẹ́yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó tó gbé e gòkè lójú àwọn ará Faransé ní ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, 1908.