Jẹ́ẹ́ ni Natchez jókòó sétí odò, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tójú ọmọ ọba Fúlàní rí níbẹ̀!

Òṣìṣẹ́ Èkó tó bá ní òun fẹ́ lọ gbafẹ́ létí omi, ibi tọ́kàn rẹ̀ máa ń lọ kò ju Badagry tàbí Tarkwa Bay lọ. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní tiwọn ní irú èyí tí wọ́n ń ṣe. Wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ràgàjì kan ní New Orleans, ọkọ̀ náà yóò dojú kọ òkè odò Mississippi, yóò máa rọra lọ. Bó bá ti kan ìlú kékeré kan, yóò dúró, àwọn èrò yóò bọ́ọ́lẹ̀, wọn yóò wòran, wọn yóò jẹun, wọn yóò sì padà wọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Viking Mississippi, ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èèyàn 386 ló sì ń kó lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìtura tó ń rìn lórí omi ni kẹ́ ẹ pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé.

Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ń yà sí ni Natchez, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ìlú ńlá kọ́ rárá. Bí wọ́n bá ka gbogbo èèyàn tó ń gbébẹ̀, nǹkan bíi 14,000 ni wọ́n, ká ní Mushin ni, àdúgbò kan péré ni ìyẹn. Orí òkè ni ìlú náà wà, òkè ọ̀hún ga tó igba ẹsẹ̀ bàtà sí odò, èèyàn yóò dúró lókè, yóò máa wo omi tó fẹ̀ lọ salalu nísàlẹ̀, yóò sì máa wo Vidalia lódìkejì, èyí tí í ṣe ìpínlẹ̀ Louisiana. Bí oòrùn bá ń wọ̀, odò yẹn a máa pọ́n bí epo. Ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ni wọ́n ń pè ní Under-the-Hill. Láyé àtijọ́, ojúkò àwọn ọmọọ̀ta nibẹ̀, àwọn onítẹ́tẹ́, àwọn aṣẹ́wó, àwọn tó ń fi ọ̀bẹ sọ̀rọ̀. Ní báyìí, ilé ọtí àti ilé oúnjẹ díẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kó bèèrè gumbo, ọbẹ̀ ilá ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n a máa kó edé sí i, ìrẹsì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀bà nìkan ló ṣẹ́kù.

Àwọn ilé ńláńlá ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ. Ilé olópòó funfun, ilé alájà gíga, Stanton Hall, Rosalie, Melrose, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Owó òwú ló kọ́ wọn. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1861, àwọn olóko òwú tí oko wọn wà lódìkejì odò, níbi tílẹ̀ ti tẹ́jú tí omi sì máa ń ya wọ̀, orí òkè Natchez ni wọ́n kọ́lé sí. Nígbà táwọn ọmọ ogun Àríwá dé lọ́dún 1862, ńṣe làwọn aláṣẹ ìlú náà túúbá, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyẹn ni kò jẹ́ káwọn ilé náà jóná bí ti ìlú míì. Lọ́dún 1932 tí ọ̀dá owó mú gbogbo ayé, àwọn ìyálé ilé níbẹ̀ wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n wọ yẹ̀rì agbòòrò bí ti ayé ìyá ńlá wọn, wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé wọn, wọ́n ní kí àlejò wá sanwó wò ó. Owó wọlé. Láti ìgbà náà ni Natchez ti ń tibẹ̀ jẹun.

Nínú gbogbo ilé yẹn, èyí tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó sì ń ṣeni láàánú ni Longwood. Haller Nutt, olówó olóko òwú, ló ní kí wọ́n kọ́ ọ fún òun, ó gba ayàwòrán ilé láti Philadelphia, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1860. Igun mẹ́jọ nilé náà ní, òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì bí ti mọ́ṣáláṣí, yàrá 32 ni wọ́n yà sínú ìwé. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ tó wá láti Àríwá ju irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sá padà sílé wọn. Yàrá mẹ́sàn-án tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ni wọ́n parí. Nutt kú lọ́dún 1864, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ìsàlẹ̀ ilé, òkè wọn ṣófo, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Títí dòní, bó ṣe wà náà ló ṣe wà, àpótí àti irinṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Ẹni tó ti kọ́lé sí Mọ́wé tí owó tán lórí rẹ̀ yóò mọ irú ìyà tó jẹ obìnrin yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa sanwó wo tiwa.

Ibi tọ́rọ̀ ti yí padà nìyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtàn àwọn olówó yẹn nìkan ni wọ́n ń sọ fún àlejò. Wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ti ra abọ́ tánganran, wọ́n á sọ ẹni tó ya àwòrán ara ògiri, àwọn tó gbin òwú, tó ro oko, tó tún ń dáná alẹ́ fún wọn, wọn kì í dárúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ló pọ̀ jù nílẹ̀ náà.

Ẹni tó bá kúrò láàárín ìgboro, tó forí lé ìlà oòrùn bíi máìlì kan, yóò kan oríta kan tí wọ́n ń pè ní Forks of the Road. Kò sílé ńlá níbẹ̀, koríko ni, pátákó ni, wọ́n sì rì ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ inú kọnkéré nílẹ̀. Ọjà ẹrú ni. Ọ̀kan lára èyí tó tóbi jù ní gbogbo ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú láti ilẹ̀ òkèèrè lọ́dún 1808, àwọn oníṣòwò ò jáwọ́ o, ńṣe ni wọ́n ń ra àwọn tó wà ní Virginia àti Maryland, níbi tí oko tábà ti ń kú lọ, wọ́n ń kó wọn lọ sílẹ̀ òwú. Àwọn kan wọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ ló fẹsẹ̀ rìn, wọ́n so wọ́n mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìrìn ẹgbẹ̀rún máìlì. Lọ́dún 1833, nígbà tẹ́rù àìsàn onígbáméjì ń ba ará ìlú, ìjọba Natchez lé àwọn oníṣòwò yìí kúrò láàárín ìgboro, ni wọ́n bá kóra wọn jọ sí oríta tó wà lẹ́yìn ààlà ìlú. Kì í ṣe gbàǹjo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á fún àwọn ẹrú láṣọ tuntun wọ̀, wọ́n á tò wọ́n sórí ìlà, oníbàárà á máa yẹ eyín wò, á máa ná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ná ewúrẹ́ ọdún. Lọ́dún 1863, lẹ́yìn táwọn ọmọ ogun Àríwá gbàlú, àwọn sójà aláwọ̀ dúdú ló wó ilé ọjà náà, wọ́n sì fi pákó rẹ̀ kọ́ bárékè tiwọn. Inú wọn yóò ti dùn tó lọ́jọ́ náà! Ọdún 2021 ni ilẹ̀ oríta yẹn tó bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ibi ìtàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Abdul Rahman Ibrahima ti wà kí ọjà yẹn tó dé. Ọmọ ọba ni, bàbá rẹ̀ ló ń jọba ní Timbo, ní Futa Jallon, ibi tó ti di orílẹ̀-èdè Guinea lónìí. Fúlàní ni, ó kéwú dáadáa, ó sì jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ṣin ogun. Lọ́dún 1788, ẹni ọdún 26, wọ́n mú un lójú ogun, wọ́n tà á fún àwọn òyìnbó létí odò Gambia. Bó ṣe dé Natchez nìyẹn. Thomas Foster ló rà á. Ó sọ fún Foster pé ọmọ ọba lòun, pé bàbá òun yóò fi wúrà ra òun padà. Foster ò gbà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ lórúkọ yẹ̀yẹ́, ó ń pè é ní Prince. Wọ́n gé irun gígùn tó dì sórí. Ó sá wọ igbó, nígbà tó rí i pé kò síbi tóun lè lọ, ó padà wá. Ó fẹ́ Isabella, wọ́n bímọ mẹ́sàn-án, ó sì di ọ̀gá lórí àwọn ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ oko, nítorí pé ó mọ̀ nípa òwú láti ilé.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Lọ́dún 1807, ó gbé ànàmọ́ lọ sọ́jà ìlú kékeré kan tó wà nítòsí. Òyìnbó kan ń gẹṣin bọ̀, ló bá rí i, ló bá tẹjú mọ́ ọn. John Coates Cox ni, dókítà ọmọ Ireland. Lọ́dún 1781, ọkùnrin yìí ti sọnù sínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà, wọ́n sì gbé e lọ sí Timbo. Bàbá Ibrahima ló gbà á sílé, wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí oṣù mẹ́fà kó tó lè rìn, wọ́n sìn ín dé etí òkun. Ọdún 26 lẹ́yìn náà, ọmọ olóore rẹ̀ ló ń ta ànàmọ́ yìí! Cox sáré lọ bá Foster, ó ní òun yóò san ẹgbẹ̀rún dọ́là kí ọmọ ọba lè gba òmìnira. Foster fàáké kọ́rí, ó ní ẹrú tó wúlò fóun tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tà. Cox ò sinmi, ṣùgbọ́n ọdún 1816 ló kú, Ibrahima ṣì wà lóko.

Lọ́dún 1826, ó kọ lẹ́tà ní èdè Lárúbáwá. Andrew Marschalk tó ń tẹ ìwé ìròyìn ní Natchez ló bá a fi ránṣẹ́. Nítorí Lárúbáwá tó rí, Marschalk rò pé ọmọ Mòrókò ni, lẹ́tà náà sì dé ọwọ́ Súltáànì Mòrókò. Ìyẹn ní kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ààrẹ John Quincy Adams gbọ́ sí i. Foster wá gbà lọ́dún 1828 láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí ọkùnrin náà kúrò ní Amẹ́ríkà. Ogójì ọdún ló fi sìn. Ó ní òun ò lè fi Isabella sílẹ̀, ni àwọn ará Natchez bá dáwó jọ, igba dọ́là, wọ́n ra obìnrin náà fún un. Ó kù síbi àwọn ọmọ. Ibrahima lọ sí àwọn ìlú ńlá Àríwá, ó rí Ààrẹ fúnra rẹ̀, ó ń tọrọ owó láti ra àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ. Owó wọlé, kò tó.

Ọdún 1829 ni tọkọtìyàwó wọkọ̀, wọ́n gúnlẹ̀ sí Monrovia. Timbo ṣì jìnnà sí wọn lọ́hùn-ún. Àìsàn mú un, ó sì kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún náà, ẹni ọdún 67, kò fojú kan ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Lọ́dún kan náà ni Foster kú ní Natchez, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì pín ogún. Owó tí Ibrahima ti kó jọ ra èèyàn mẹ́jọ nínú ẹbí rẹ̀, wọ́n sì bá Isabella ní Monrovia lọ́dún 1830. Àwọn tó kù ò kúrò ní Mississippi.