Kànga Tẹni Tàbí Omi Gbogbogbò: Èrò Mi Lórí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àdáni fún Ilé-Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Èdè tí a kò bá lè fi jíròrò òwò òde òní yóò di èdè oríkì àti òwe nìkan. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀mí ènìyàn.

Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ó pè mí pé kí n wá bá òun kọ ìlànà ààbò fún àwọn òṣìṣẹ́ òun ní èdè Yorùbá. Níbi tí mo ti ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè níbẹ̀ máa ń gba àṣẹ láti inú ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń lo Wi-Fi. Lọ́jọ́ kan, Wi-Fi náà já nígbà tí ọkọ̀ kan wà láàárín pẹpẹ ẹrù méjì. Ìkìlọ̀ pé ènìyàn wà lẹ́yìn pẹpẹ kejì kò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ó ti ẹrù, ẹrù sì wó lulẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló wà láàárín òun àti ẹrù náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni kiri. Àwọn tó ń tà á wá bá a, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu wọn: 5G ni, ó yára bí àṣá. Ó béèrè èrò mi. Èrò náà ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni kò yàtọ̀ ní ẹ̀yà ara sí èyí tí gbogbo wa ń lò lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká. Ó ní òpó, ó ní síìmù, ó sì ní kọ̀ǹpútà tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé síìmù tí ilé-iṣẹ́ náà bá fọwọ́ sí nìkan ló lè wọlé. Ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń lò, ní tirẹ̀, ti gbogbo ayé ni. Ó dà bí ìpàdé tí kò ní alága: ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, bí ariwo bá sì pọ̀ jù, yóò dúró títí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì LTE tàbí 5G ní alága. Òpó ló ń pín àkókò fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ló sì ń darí bí ọkọ̀ tó ń rìn ṣe ń kúrò lábẹ́ òpó kan bọ́ sábẹ́ òmíràn.

Àwa ará Nàìjíríà kò ṣàjèjì sí ohun àdáni. Nígbà tí omi ìjọba kò yọ mọ́, a gbẹ́ kànga. Nígbà tí iná kò dúró, a ra jẹnẹrétọ̀. Ní ti tẹlifóònù, kí GSM tó dé ní 2001, gbogbo okùn tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Láti ìgbà náà ni a ti kọ́ àṣà yíyàn: ní 2003, Globacom bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ní 2013, ó di ohun tó ṣeé ṣe láti gbé nọ́ńbà ẹni kúrò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn. Bí ọ̀kan bá bí wa nínú, a ó sá lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n yíyan nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ ilé kíkọ́ ju aṣọ pípààrọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọ̀rẹ́ mi béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Àkọ́kọ́: ta ló ni ìgbì rédíò tí ẹ fẹ́ lò? Kànga wà nínú ilẹ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ìgbì afẹ́fẹ́ kò sí nínú ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní Jámánì, láti 2019 ni ilé-iṣẹ́ ti lè gba ìyọ̀ǹda láti lo 3.7 sí 3.8 GHz nínú ọgbà tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún kan náà ni àjọ Ofcom ní Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn irú rẹ̀ ní 3.8 sí 4.2 GHz. Ní Amẹ́ríkà, ìgbì 3550 sí 3700 MHz jẹ́ ohun àjùmọ̀lò: rédà àwọn ológun ojú omi ló ń ṣíwájú, àwọn tó sanwó tẹ̀ lé e, àwọn yòókù sì ń lo ohun tó bá kù. Ní Nàìjíríà, àjọ NCC ni òfin 2003 fi ìṣàkóso ìgbì sí lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ta ìgbì 3.5 GHz fún 5G ní oṣù Kejìlá 2021, ilé-iṣẹ́ méjì ló rà á, mílíọ̀nù 273.6 dọ́là sì ni iye tí wọ́n tà á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilé ìkẹ́rùsí wo ló lè na irú owó yẹn? Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni fún ọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ti ta ni ìgbì náà àti pé ìyọ̀ǹda wo ló wà lórí rẹ̀. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe awúrúju, ẹ fi ọ̀nà hàn án.

Ìkejì: níbo ni ọpọlọ rẹ̀ wà? Àwọn kan máa ń gbé kọ̀ǹpútà náà sínú ọgbà rẹ. Àwọn mìíràn á fi í sí ọ̀dọ̀ tiwọn, tàbí sí òkè òkun pàápàá. Ẹ rántí 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní apá ibi tí Àbíjàn wà. Àwọn báńkì wa jìyà rẹ̀. Bí ọpọlọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà nínú ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìṣó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà ní òkè òkun, ìkìlọ̀ láti pẹpẹ kan sí pẹpẹ kejì lè má dé, nítorí okùn kan tó já nísàlẹ̀ òkun.

Ìkẹta: lọ́jọ́ tí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Ṣé ẹni náà wà nítòsí? Bí iná bá lọ, kí ni yóò gbé òpó dúró? Bí àdéhùn bá parí, ọwọ́ ta ni àwọn síìmù àti kọ́kọ́rọ́ wọn yóò wà?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé owó ńlá ni èyí, kí a kàn tún Wi-Fi tò dáadáa. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣọ́ọ̀bù, ilé-ìwé tàbí ọ́fíìsì kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni. Wi-Fi tí a tò dáadáa, pẹ̀lú síìmù láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti tó. Ẹni tó bá ń kọ́ ohun àdáni nítorí àṣehàn ń fowó ṣòfò. Ṣùgbọ́n níbi tí ọgbà bá gbòòrò, tí irin bá pọ̀, tí ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ènìyàn, bí èbúté, ibi ìwakùsà tàbí ilé ìfọpo, ọ̀rọ̀ yí padà.

Níbẹ̀ gan-an ni mo ti yapa sí àwọn tó ń polówó eré sísá. Ìkìlọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ yẹn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Kò nílò kí ó yára bí àṣá. Ó nílò kí ó dé ní gbogbo ìgbà. Ìdánilójú ni kí a máa rà, kì í ṣe ìyára.

Ohun kan ló kù. Àwọn awakọ̀ yẹn ti mọ igun tí Wi-Fi ti máa ń kú, tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: Ibojì ni wọ́n ń pè é. Igun náà kò sí nínú àwòrán ilé tí àwọn ọlọ́jà gbé wá, nítorí pé kò sẹ́ni tó fi Yorùbá béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kí ó má fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi gbé ẹ̀rọ wọn lọ sí Ibojì, kí ọkọ̀ máa rìn, kí ẹrù wà lórí pẹpẹ, kí àwọn awakọ̀ fúnra wọn sì jẹ́rìí sí i. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.