Kò Sí Èlùbọ́ Tí Kì Í Di Ṣúgà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè máà dùn mọ́ àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tó ń ta èlùbọ́ láàárín wa, ṣùgbọ́n a ò lè máa wò ó níran.

Ẹ yí ìsọ̀ ká, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí: "Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní ṣúgà." "Wíìtì fún alátọ̀gbẹ." Kí oníbàárà tó bèèrè, wọ́n ti ní kó jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Irọ́ ni! Gààrí o, iṣu o, ọ̀gẹ̀dẹ̀ o, wíìtì o, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n lè má tètè gbé ṣúgà sókè bíi ti ìrẹsì funfun, a ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àmàlà tó tó orí ọmọ síwájú, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì ṣíbí kan, kí ló fi sàn ju ẹni tó jẹ ẹ̀bà kékeré pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ẹja? Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí òkèlè má ju ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìyókù.

Wọ́n á ní, "Tẹ́ ẹ bá ń sọ báyìí, ọjà ò ní tà." Ṣé ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa wá ná ọjà? Àwọn aláta, ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹlẹ́ja, ẹlẹ́wà, ṣé àwọn kọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ ni?

Ẹ ẹ̀ tún gbọ́ ti àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó àgbo, pé ó ń fọ ṣúgà dànù, kí alátọ̀gbẹ da oògùn dọ́kítà nù. Ẹni tó ń lo metformin, tí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀. Tó bá dá a dúró láìbi dọ́kítà, á tún gòkè. A mọ̀ pé oògùn wọ́n, àgàgà láti 2023. A ò bá ẹni tí kò rówó rà á wí. Ẹni tó ń gba ìwọ̀nba owó tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ là ń bá wí. Ìjọba náà ní tiwọn: òfin ìṣúná 2021 gbé náírà 10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi dín owó oògùn kù fún wa.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Àtọ̀gbẹ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Ìṣó á gún un, omi gbígbóná á bó o, kò ní mọ̀. Síbẹ̀ a rí alátọ̀gbẹ tó ń rìn láìwọ bàtà láàárín ọjà ẹ̀fọ́! Ẹ máa wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, kẹ́ ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálẹ́. Egbò kékeré kì í ṣe ti ìyọ̀ àti omi gbígbóná, ọsibítù ni.

Àwọn tó sì ní "iṣẹ́ ọjà ti tó eré ìdárayá", orí àpótí láti àárọ̀ di alẹ́ kọ́ ni eré ìdárayá. Ká fẹsẹ̀ rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí alẹ́ tí à ń jẹ ní aago mẹ́wàá náà yáa fúyẹ́.

Ẹni tí kò tíì yẹ ṣúgà wò, kó lọ láàárọ̀ kó tó jẹun. Tó bá jẹ́ 126 sókè, kó padà lọ yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, kó má fi pamọ́ fún àwọn ọmọ.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, a fẹ́ kí gbogbo páálí "kò ní ṣúgà" kúrò lórí igbá èlùbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó gbé e wá síwájú Ìyálọ́jà, ká jọ sọ ọ́ níbẹ̀.