Sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi mọ́tò ara rẹ̀ rìnrìn iṣẹ́: oṣù 24 ni òfin fi pààlà owó rẹ̀

Oṣù kọkànlá, ọdún 2018, ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé kò di dandan mọ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ti gbé ìlú wọn fún ọdún 5 kó tó lè wọṣẹ́ ológun. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ owó àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àjèjì nílé Yorùbá, ì báà jẹ́ ní Peckham, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn. Iye owó oṣù ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń béèrè. Wọn kì í béèrè owó tí ọmọ wọn ń ná sójú títì, èyí tí òfin gbà pé kó gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Bí wọ́n bá gbé sójà tí ìyàwó àtọmọ rẹ̀ wà ní London lọ sí Catterick, ibùdó tó tóbi jù lọ tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní, àlọ nìkan lé ní 200 máìlì. Ilé-iṣẹ́ ológun lè fún un ní owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó náà lè má tó iye tí òfin owó-orí kà sí ìnáwó mọ́tò. Láti oṣù Kẹrin, ọdún 2011, ni ìjọba ti gbé iye náà láti pẹ́ńsì 40 sí pẹ́ńsì 45 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, fún 10,000 máìlì àkọ́kọ́ láàárín ọdún. Pẹ́ńsì 25 ni ti èyí tó bá lé. Àlàfo tó wà láàárín iye tí òfin sọ àti iye tí sójà gbà ni wọn kò gbọdọ̀ bu owó-orí lé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e. Sójà kan rin 6,000 máìlì lọ́dún, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì fún un ní pẹ́ńsì 25 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Ó gba 1,500 pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ òfin sọ pé 2,700 ló yẹ. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1,200. Ẹni tó bá ti ń jó nítorí 1,200 náà, kó rọra. Owó-orí tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni wọn yóò dá padà: 240 pọ́n-ùn fún ẹni tó ń san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, 480 fún ẹni tó ń san ìdá 40. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì ti san gbogbo ẹ̀, tàbí tó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, kò sí ohun tó fẹ́ gbà padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni irú ìrìn tí òfin fọwọ́ sí. Ìrìn láti ilé sí ibi iṣẹ́ ẹni gan-an kò sí lára rẹ̀. Olùkọ́ kò lè gbà á, nọ́ọ̀sì kò lè gbà á, sójà náà kò sì lè gbà á. Ibi iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni òfin ọdún 2003 tó dá lórí owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ fàyè gbà. Bí ẹnìkan bá ń lo ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò iṣẹ́ rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbì kan, tí wọ́n sì ń retí pé yóò lò ju oṣù 24 lọ níbẹ̀, ibẹ̀ kì í ṣe onígbà díẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ "ń retí" yìí ni kókó. Òfin kò dúró wo ìgbà tí sójà lò níbẹ̀ kó tó ṣèdájọ́. Ohun tí wọ́n ń retí lásìkò tó ń rin ìrìn náà ló ń wò. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ fún oṣù 18, tí wọ́n wá sọ ọ́ di 30 nígbà tó lo oṣù 14, yóò gba ti oṣù 14 náà. Láti ọjọ́ tí àṣẹ tuntun ti dé, ó parí. Ẹni tí wọ́n kọ oṣù 36 fún látìbẹ̀rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ kankan, àfi bí wọ́n bá gé e kúrú sí ìsàlẹ̀ oṣù 24, ọjọ́ tí wọ́n gé e náà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé àwọn tó ṣòfin kò ro ti sójà mọ́ ọn. Òfin náà bá ẹnjiníà tó lọ kọ́ afárá ní ìlú mìíràn mu, nítorí òun mọ iṣẹ́ tó gbà àti ọjọ́ tí yóò parí. Sójà kì í yan ibi tí yóò lọ. Bí akọ̀wé bá kọ oṣù 23 sínú ìwé àṣẹ rẹ̀, owó ń bọ̀. Bó bá kọ 25, kò sóhun tó ń bọ̀. Mọ́tò kan náà ni, epo kan náà ni, ọmọ tó sì ń retí bàbá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò mọ̀yàtọ̀ oṣù méjì.

Ibi tí òfin bá ti lọ́jú pọ̀ báyìí ni àwọn alágbàtà ti ń rí jẹ. Wọ́n á ní àwọn yóò bá sójà gba owó rẹ̀, wọ́n á sì bu tiwọn. Tẹ́lẹ̀, àwọn kan ń fún oníbàárà ní ìwé tó sọ owó náà di tiwọn, kí wọ́n lè kọ́kọ́ gbà á kí wọ́n tó fún un ní ìyókù. Ìjọba sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ di òfo láti ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2023. Síbẹ̀ ewu kan kù: bí alágbàtà bá bù mọ́ máìlì, ẹni tó ni owó-orí ni ìjọba yóò gbá mú. Wọn kò ní wá alágbàtà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà. P87 ni wọ́n ń pè é, bí owó tí èèyàn ń béèrè fún kò bá ti ju 2,500 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Láti ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ́. Wọ́n fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ìrìn kọ̀ọ̀kan, ìdí tí wọ́n fi rìn ín, àti postcode ibi tí wọ́n ti gbéra àti ibi tí wọ́n dé. Ìwé kékeré kan tí sójà fi sínú mọ́tò rẹ̀ tó fún èyí, kó sì tọ́jú ìwé àṣẹ tí wọ́n fi gbé e mọ́ ọn.

Ọdún 4 lẹ́yìn tí ọdún owó-orí bá parí ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó rìnrìn àjò láàárín ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, ọdún 2024 àti ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2025 ní títí di ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2029 láti béèrè. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, owó náà di ti ìjọba.