Káfíńtà Windows 10 Kò Wá Mọ́, Ta Ni Yóò Máa Tún Ilẹ̀kùn Ṣe?

Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lè gbọ́ orúkọ Windows kó ṣu ẹnu, kó ní: "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù ni mo ń tẹ̀." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ló ti tẹ ìwé NIN rẹ̀ jáde nígbà tí báńkì ní kó mú un wá? Ta ló bá a ṣí í-méèlì, tó kọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú fáìlì kan pé kí màmá má baà gbàgbé? Ibo ni wọ́n ti bá ọmọ rẹ̀ yẹ èsì WAEC wò? Kọ̀ǹpútà tí ìyá kò ní, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti àwòrán ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ digbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti télọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti bíríkìlà tó lọ tẹ ìwé iye owó iṣẹ́ fún oníbàárà. Nítorí náà, awuyewuye tó wà láàárín àwọn onítẹ̀wé àti àwọn oní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti Òkè-Ìlèwó títí dé Láfẹ́nwá, kì í ṣe tiwọn nìkan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Windows ni ètò tó máa ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun, òun ló ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ tẹ̀, òun ló ń rán príńtà níṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 2015 ni wọ́n gbé Windows 10 jáde, òun ló sì gba ìgboro kan. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ jáde, Windows 11. Nígbà tó di ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, wọ́n ní àwọn kò ní máa tún Windows 10 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́.

Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó kú lọ́jọ́ náà o. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ṣí, iṣẹ́ ń lọ. Èyí gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Ẹ fojú ilé alájà wò ó. Ilé tó ní ẹgbẹ̀rún ilẹ̀kùn, kò sí bí kò ṣe ní í ní ibi tí igi ti jẹrà. Àwọn olè ayélujára kò ní iṣẹ́ méjì, kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn wò kiri ni. Káfíńtà Microsoft náà kò sùn: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ló máa ń wá, á kan ibi tó bá ti lu. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé Windows 11 nìkan ló ń wọ̀ láìgba owó. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ilé méjèèjì, igi kan náà ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ yàrá wọn. Bí káfíńtà bá kan ihò kan pa lára ilé àbúrò, olè tó dúró sẹ́yìn fèrèsé ti mọ ibi tí irú ihò bẹ́ẹ̀ wà lára ilé ẹ̀gbọ́n. Lóòótọ́, Microsoft ní àwọn yóò ṣì máa bọ́ ajá ọdẹ tó wà nínú Windows 10, ìyẹn Defender tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, títí di ọdún 2028. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ajá kì í di ihò ògiri.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, irú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kò ju báyìí lọ:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ra dátà, ká gbé e bọ́ sórí Windows 11. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ síwájú ẹ̀rọ pé àsìkò ti kọjá."

"Àsìkò ta ló kọjá? Ṣé ẹ̀rọ ò ṣí láàárọ̀ yìí ni?"

"Ó ṣí, sà."

"CorelDRAW ńkọ́? Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

"Príńtà ńkọ́?"

"Ó ń tẹ̀, ọ̀gá, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni? Jókòó jàre, jẹ́ ká parí ìwé òkú tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́sàn-án. Òyìnbó fẹ́ tajà ni."

Ọ̀gá yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Òyìnbó fẹ́ tajà lóòótọ́. Ẹni tó fi owó àjọ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́ta, tí kò tíì rí èrè wọn, tí wọ́n wá sọ fún un pé kó lọ ra òmíràn, ó yẹ kó bínú. Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ náà kò parọ́, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ. Ìbéèrè tí ọ̀gá ń bi í, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?", kì í ṣe ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹrà, èèyàn ṣì ń sùn nínú rẹ̀.

Ohun tójú aráyé rí ní ọdún 2017 kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ọjọ́ Ẹtì kan, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n pè ní WannaCry jáde. Kọ̀ǹpútà tó wọ̀, á ti gbogbo fáìlì ibẹ̀ pa, á wá kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé kí wọ́n wá san nǹkan bíi dọ́là 300 kí òun tó tú u sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn 200,000, ni ó mú ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n fagi lé nǹkan bí 19,000 àdéhùn àwọn aláìsàn pẹ̀lú dókítà. Ẹ sì wá gbọ́ èyí: láti oṣù kẹta ọdún náà, oṣù méjì ṣáájú, ni Microsoft ti kan ihò tó gbà wọlé pa. Àwọn tó jẹ̀bi ìyà yẹn, àwọn tí káfíńtà kan ilẹ̀kùn wọn tí wọn kò ṣí fún un ni. Tí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí káfíńtà wá bá, ẹni tí káfíńtà kò ní wá bá mọ́ ńkọ́?

Ó dáa, ká ní ọ̀gá gbà. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni Windows 11 ń gbà láti gùn. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ ní ohun èlò ìdáàbòbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì fẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀rọ, tó bá jẹ́ Intel, jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nígboro kò dé ibẹ̀. HP EliteBook 840 G3 tí gbogbo ayé rà, ìran kẹfà ló wà nínú rẹ̀. G5 ló sábà máa ń ní ìran kẹjọ. Ara ẹ̀rọ ni kí ẹ wò: bí ẹ bá rí i5-6300U, nọ́ńbà 6 tó tẹ̀ lé àmì yẹn ni ìran rẹ̀. Bí ẹ bá rí i5-8250U, ìran kẹjọ nìyẹn, ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n á ní, "Màmá, ẹ má ra òmíràn, a máa fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí èyí tẹ́ ẹ ní." Ọgbọ́n náà wà lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ Microsoft ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi irú ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀ gbé e sí, àwọn kò ṣèlérí pé káfíńtà yóò máa wá síbẹ̀. Ẹ wá sanwó kùn ilé lọ́dà, ilẹ̀kùn kò kúrò níbi tó wà. Ká má tíì sọ ti Windows olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi kírákì ṣí. Olè gan-an ni wọ́n máa ń fi pamọ́ sínú òmíràn níbẹ̀.

Àwọn aláró Abẹ́òkúta ti jẹ irú ẹ̀kọ yìí rí, nínú ìkòkò aró. Ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe aró, iṣẹ́ sùúrù ni. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920 sí 1930, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà wọlé, iṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ wá di iṣẹ́ wéré. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rí èrè. Ẹni tó bù ú wọ̀ ní ìbùwọ̀ òjijì, aṣọ rẹ̀ já, oníbàárà pariwo. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de lílò rẹ̀, àwọn aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé iṣẹ́ àdìrẹ lórí ní ọdún 1936. Kọ́sítíìkì sódà ò kúrò ní Ìtòkú títí dòní. Ẹ bi àwọn tó ń lò ó lónìí, wọ́n á sọ fún yín pé ìwọ̀n ni ẹjọ́ wà, pé aṣọ tó wà nínú ìkòkò ni wọ́n fi ń mọ iye tó yẹ kí wọ́n bù sí i.

Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe náà ni ìwọ̀n tirẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, èyí tó ń wọ báńkì, tó ń tẹ NIN, tó ń gba í-méèlì oníbàárà, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ tàbí kí wọ́n sọ di Windows 11, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n tó ra bẹ́ńṣì tuntun. Èyí tí kò ṣe ju kó máa darí ẹ̀rọ tó ń ya òdòdó sára agbádá, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 10, kódà lórí 7, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ́ sórí tuntun ni kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí àwọn tó ṣe é kò ṣe ìlànà tuntun fún un. Ẹ ṣáà ti já irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátá. Ẹ sì ṣọ́ra fún flash, nítorí flash oníbàárà ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì káàkiri bí eṣinṣin ṣe ń gbé àrùn.

Ẹni tí owó kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí Microsoft kéde ètò wọn ní 2025, wọ́n ní ẹ̀rọ ara ẹni lè gba àtúnṣe títí di ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026, ní dọ́là 30, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ bí olówó rẹ̀ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tó sì jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ètò ẹ̀rọ rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ti ilé-iṣẹ́ yàtọ̀: dọ́là 61 lórí ẹ̀rọ kan lọ́dún àkọ́kọ́, 122 lọ́dún kejì, 244 lọ́dún kẹta. Ẹ ṣírò ìyẹn sí náírà kí ẹ tó dúró dè é. Ẹni tó bá san án fún ọdún mẹ́ta ti ń lọ sí iye owó tòkunbọ̀ gidi. Linux náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń bá ẹ̀rọ àgbà ṣe dáadáa. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé ló ń tẹ̀ lásán, LibreOffice tó to fún un. Onítẹ̀wé tí CorelDRAW jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kò ní gbádùn rẹ̀ níbẹ̀.

Kí wọ́n má sì ṣe é ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tí òkú kù ọ̀la, tàbí nígbà tí ọdún Lísàbí kù fẹ́ẹ́rẹ́ tí iṣẹ́ kún ilẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, kí wọ́n ti kó gbogbo fáìlì sórí hádì dísìkì tó dá dúró, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, kí wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Bí NEPA bá wá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, kò sí ẹkún.

Ó kan òfin pẹ̀lú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó sì ní kí ẹni tó bá tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣọ́ ọ dáadáa. Oní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó kó NIN igba èèyàn sójú ẹ̀rọ kò lè sọ pé òun ò mọ̀.

Ìyá aládìrẹ náà lágbára tirẹ̀ níbẹ̀, òun ló sanwó. Kó bi wọ́n: "Ẹ̀yin ọmọ mi, Windows wo lẹ̀ ń lò níbí?" Bí wọ́n bá ti tẹ ìwé rẹ̀ tán, kó má tíì dìde. Kó ní kí wọ́n pa fáìlì òun rẹ́ lójú òun, kí wọ́n sì lọ dà á nù nínú Recycle Bin pẹ̀lú, nítorí nǹkan tí wọ́n pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣì máa ń jókòó síbẹ̀, tó ń retí ẹni tí yóò wá gbé e.